Ẹ jókòó nínú ọgbà, kí ẹ ṣubú sójú títì: ọgbọ́n kámẹ́rà Buster Keaton

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa. Buster Keaton ni, òṣèré aláwàdà, nínú Sherlock Jr., fíìmù tí kò lóhùn tó gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1924. Ó fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà. Kí ìdí rẹ̀ tó kan bẹ́ǹṣì, ọgbà ti di ojú títì, ó ṣubú yakata. Ó ń rìn lọ, títì di etí ọ̀gbun. Ó bẹ́ láti orí àpáta sínú òkun, orí ló fi wọnú yìnyín. Ilẹ̀ ń yí, òun ò yí. Òun la máa fi fóònù yà lónìí, ní ibi méjì.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìṣesí kan tí ara ò lè dá dúró lágbedeméjì: ìjókòó, ìfò, ìṣubú. Ẹni tó ti ń jókòó ò lè pa ọkàn dà mọ́. Ibẹ̀ lẹ̀rín wà.

Ẹ gbé fóònù sórí tripod, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró. Kí ara hàn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ tẹ ojú fóònù pẹ́ títí àmì àgádágodo tàbí ọ̀rọ̀ LOCK á fi yọ, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa yí fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀n ló kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Ẹ fi téèpù wọn bí kámẹ́rà ṣe ga tó, àti bó ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀ òṣèré tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Irinṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni Keaton fi ṣe tiẹ̀. Wọ́n tún máa ń fọ fíìmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á gé díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú kámẹ́rà, kí ayàwòrán lè rí ibi tí ara Keaton wà tẹ́lẹ̀ kó tó ya èyí tó kàn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an ni.

Ọ̀nà tiwa rèé. Tí ẹ bá ti ya ìjókòó tán, kí òṣèré tún lóṣòó sí agbedeméjì, kó dúró gbọin. Ẹ lẹ nylon tó mọ́ gaara mọ́ ojú fóònù, ẹ fi máàkà tọ ara rẹ̀: orí, èjìká, orúnkún. Ẹ má yọ nylon yẹn. Ní ibi kejì, ìwọ̀n kan náà, aṣọ kan náà, kí òṣèré wọnú ilà yẹn. Lẹ́yìn náà, kó dìde, kó sì ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dé ìṣubú.

Ẹ lo àdúgbò tí ọkọ̀ kì í gbà, ẹ sì tẹ́ fóòmù sílẹ̀ níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i. Nínú fíìmù yìí kan náà ni omi táńkì rélùwéè ti já lu Keaton, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́; ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni dókítà tó rí i.

Ó ku gígé. Ẹ wá férémù, ìyẹn àwòrán kan ṣoṣo nínú fídíò, tí ìdí ti ń lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì kan nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ gé, kẹ́ ẹ lẹ èyí kejì mọ́ ọn, láìfi àrà kankan síbi tẹ́ ẹ ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀yìn tí ìdí ti kan àga ni mo gé e. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo fà á sẹ́yìn ní férémù mẹ́rin péré, ilé dàrú fẹ́rìn-ín.

Tó bá parí, ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ fi han ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ yà á. Tó bá ní orí òṣèré fò, ẹ padà sídìí nylon.