Àwọn Tó Wà Lẹ́yìn Igi

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí, kò sí àlejò.

Lọ́jọ́ Sátidé, òjò lé mi wọ National Gallery, ilé tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán sí ní London. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lọ wò ó. Bí mo ṣe ń rìn kiri ni mo kan The Hay Wain, àwòrán tí John Constable yà ní 1821. Ó fẹ̀ ju mítà 1.8 lọ. Ẹṣin mẹ́ta ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù la odò Stour ní ìlà oòrùn England kọjá, ilé àgbẹ̀ wà lápá òsì, ajá kan dúró létí omi, ó ń wò wọ́n.

Àgbẹ̀ ló bí mi. Bí mo bá ti rí oko, ojú mi á máa wá ẹni tó ń ro ó. Mo sún mọ́ àwòrán náà títí ẹ̀ṣọ́ fi wúkọ́ sí mi. Lápá ọ̀tún, lọ́hùn-ún réré, lẹ́yìn igi, ibẹ̀ ni àwọn tó ń gé koríko wà: ọ̀dà funfun tín-tìn-tín, bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Wọn ò lójú, wọn ò nímú. Ajá lójú o!

Bàbá Constable ló ni Flatford, ilé ìlọkà tó wà nítòsí ibẹ̀. London sì lọmọ jókòó sí tó fi parí iṣẹ́ náà. Ní 1822, àwọn lébìrà oko lágbègbè yẹn ń fọ́ ẹ̀rọ ìpakà, torí ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ò ní rí ìyẹn nínú àwòrán yìí.

Mo fẹ́ bú ọkùnrin náà, ni ojú bá tì mí. Èmi náà ńkọ́? Ẹ ní kí n ya oko kòkó bàbá mi l'Óǹdó, mo lè yà á báyìí: kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, tó ń ta sánsán, àmù omi lábẹ́ igi obì. Àwọn alágbàro ńkọ́? Ẹ̀yìn igi ni wọ́n wà. Ìró àdá wọn nìkan ni mo ń gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn sì máa ń gbé mi kọjá odò léjìká, kí bàtà mi má bàa tutù.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ alágbàro tó máa ń gbé mi kọjá odò?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èwo nínú wọn?"