Láti Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́ dé Ilé Tó Dúró: Ọ̀rọ̀ Àwọn Tí Omi Lé Jáde

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olórí àdúgbò tí ẹ fi ọjà àti oko sílẹ̀ wá jókòó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lónìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí àjálù lé kúrò nílé. Ẹ má retí pé n ó kọ́ yín bí a ṣe ń fi ọkọ̀ gbé ènìyàn jáde nínú omi, tàbí iye àpò ìrẹsì tó yẹ ká pín. Àwọn tó mọ ìyẹn jù mí lọ wà láàárín yín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn bá ti lọ ni mo fẹ́ mú: báwo ni ẹni tó ń sùn lórí ẹní nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń dé abẹ́ òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò ní lé e kúrò lábẹ́ rẹ̀?

Ẹni tó ti gbọ́njú nígbà náà kò lè gbàgbé 2010. Odò Ouémé kún àkúnya, ọ̀sà náà gòkè. Nínú kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) 77 tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní, 55 ni omi yọ lẹ́nu. Àwọn tó kàn tó 680,000, ènìyàn 46 kú, ilé tó wó tàbí tó bàjẹ́ sì lé ní 50,000. Àjọ UNHCR, tó ń bójú tó àwọn asásálà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fi bàálù kó àgọ́ 3,000 wá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ènìyàn márùn-ún bá sùn sínú àgọ́ kan, 15,000 ni gbogbo àgọ́ náà lè gbà. Níbo ni àwọn yòókù sùn? Ilé ẹ̀gbọ́n, ilé àna, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, àti ilé ẹ̀kọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ yìí ló máa ń kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ lé ènìyàn jáde. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe. Omi Ouémé máa ń ga jù láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, àkókò yìí gan-an ni àwọn ọmọ ń wọlé fún ọdún tuntun. Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń tẹ̀lé káàkiri ayé, ní kí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ààyè tó tó mítà onígun mẹ́rin 3.5, ó kéré tán, lábẹ́ òrùlé. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó gùn ní mítà 9, tó fẹ̀ ní mítà 7, ènìyàn 18 péré ló yẹ kó gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ nígbà omi, ẹ mọ iye tí ẹ bá níbẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọjọ́ tí ẹni tí omi lé bá gbé ẹní rẹ̀ wọ yàrá náà ni ọ̀nà ilé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí wọ́n máa kó jáde. Ìwé tí a fi ń kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń sọ ẹni tó máa dé ilé àti ẹni tó máa sọnù lọ́nà. Bí a ṣe sábà ń kọ ọ́ ni: orúkọ, iye ọmọ, àdúgbò, ó parí, kí á lè mọ iye ẹní àti iye ọṣẹ. Ìbéèrè tí a kì í bi wọ́n ni èyí: ilé tí o ti ń bọ̀, ta ló ni ín?

Ẹni tó bá dáhùn pé tòun ni, tó sì ní ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò le. Omi á fà, á padà lọ tún ògiri ṣe.

Ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ ẹbí ńkọ́? Irú wọn pọ̀ láàárín wa. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣán igbó ibẹ̀, gbogbo àdúgbò mọ̀, àmọ́ kò sí tákàdá kankan. Nígbà tí ilé ṣì dúró, ilé náà ni ẹ̀rí. Bí ògiri amọ̀ bá ti yọ́ sínú omi, ìgbà yẹn ni ìbátan tí a kò rí láti ọdún gbọ́nhan á dé láti Kútọnu, á ní ilẹ̀ ṣófo, ẹ jẹ́ ká tà á. Òfin ilẹ̀ tí a ṣe ní 2013 mọ ìwé kan tó ń jẹ́rìí pé ènìyàn di ilẹ̀ mú nípa àṣà ìbílẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ìwé náà nílò jù lọ. Ní Aceh, ní ilẹ̀ Indonesia, lẹ́yìn tí omi òkun ya wọ̀lú ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2004, ààlà parẹ́, ìwé ilẹ̀ sì bá omi lọ. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló rìn yí ilẹ̀ wọn ká, wọ́n ri èèkàn mọ́ ààlà, aládùúgbò fọwọ́ sí ti aládùúgbò, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá wọ̀n ọ́n. Ẹ wá wo tiwa: inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn, gbogbo aládùúgbò ló jókòó síbẹ̀, láti àárọ̀ dalẹ́, láìsí ibi tí wọ́n ń lọ. Ìgbà wo la tún fẹ́ rí gbogbo ẹlẹ́rìí lójú kan bẹ́ẹ̀? Ọ̀sẹ̀ tí a fi ń wo ojú òfuurufú yẹn la lè fi ṣe iṣẹ́ náà. Bí a bá sì ń ṣe é, kí a kọ orúkọ ìyàwó sí i pẹ̀lú ti ọkọ, kí a má fo opó. Òfin Ẹbí ti 2004 ti fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ ogún kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n òfin kò lè gbèjà orúkọ tí a kò kọ.

Ayálégbé gan-an ni mo torí rẹ̀ wá síbí lónìí. Kò ní ilẹ̀ tó máa padà sí. Símẹ́ǹtì àti páànù tí a ń pín kò kàn án, nítorí kò ní ògiri. Onílé lè má tún ilé náà kọ́ mọ́, ó sì lè tún un kọ́ kó wá fowó lé e. Nítorí náà òun ló máa ń kù sẹ́yìn nínú ibùdó nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ, àwa á sì máa wí pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló ń jẹ tí kò fi fẹ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú.

Àwọn ará Haiti ti la èyí kọjá. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní 2010, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ ènìyàn ló wà nínú àgọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ayálégbé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí kò rí ibi lọ. Wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní 16/6, nítorí pé ó fẹ́ kó àwọn ará ibùdó mẹ́fà padà sí àdúgbò mẹ́rìndínlógún. Ẹbí kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi 500 dọ́là fún owó ilé ọdún kan. Ẹbí náà ló máa wá ilé fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ á lọ yẹ ilé náà wò bóyá kò léwu, lẹ́yìn náà ni owó á jáde. Ètò yẹn tú ọ̀pọ̀ ibùdó ká láìlo kóńdó. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọdún kan kì í pẹ́ pé: nígbà tó pé, iṣẹ́ kò tíì padà, ọ̀pọ̀ sì kó lọ sí yàrá tó dínwó.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ká ní yàrá kan jẹ́ 15,000 séfà lóṣù. Òfin ilé yíyá tí a ṣe ní 2018 ní kí onílé má gbà ju owó oṣù mẹ́ta lọ sílẹ̀. (Mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Òfin wà nínú ìwé, àṣà wà nínú àpò onílé.) Bí a bá tilẹ̀ tẹ̀lé òfin, 45,000 nìyẹn, pẹ̀lú owó oṣù àkọ́kọ́ ó di 60,000. Ìyá alákàrà tí omi gbé agbada àti ẹ̀wà rẹ̀ lọ, níbo ló ti máa rí 60,000 lẹ́ẹ̀kan náà? Àmọ́ bó bá ti wọlé, tó tún rí agbada dáná, ó lè máa san 15,000 lóṣooṣù bó ti ń san án tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ìdènà wà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé bí owó kékeré kan bá wà lọ́wọ́ wa, kí a fi san owó ìwọlé fún ayálégbé, kí a sì fi díẹ̀ dá a padà sídìí òwò, dípò ká fi ra àgọ́ tí oòrùn máa jẹ. Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ń dá àjọ mọ bí a ṣe ń dúró fún ènìyàn. Ọ̀pọ̀ onílé ló máa gba ẹgbẹ́ alájọ gbọ́ ju tákàdá àjọ aṣèrànwọ́ lọ.

Àwọn kan á ní kí ìjọba sáà kọ́ ilé fún wọn. Ilé kíkọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ wo Kobe ní Japan. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1995 pa ènìyàn tó lé ní 6,400. Ìjọba kọ́ ilé onígbà díẹ̀ tó nǹkan bíi 48,000, wọ́n ṣẹ́ gègé láti pín in, wọ́n sì fi àwọn arúgbó àti aláìlera ṣáájú. Àánú ni wọ́n rò pé àwọn ṣe. Gègé náà tú aládùúgbò ká, arúgbó wá ń gbé láàárín arúgbó tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kí wọ́n tó ti àwọn ilé náà pa, ènìyàn tó lé ní 200 ló ti kú sínú yàrá lóun nìkan, láìsí ẹni tó kanlẹ̀kùn. Lójú tiwa tí à ń gbé agboolé, ó dà bí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ níbí. Ó lè ṣẹlẹ̀, bí a bá ń fi nọ́ńbà pín ènìyàn. Ẹ kó àwọn tó jọ ń pọn omi lẹ́nu kànga kan náà lọ síbì kan náà.

Ibi tí a sì ń kó wọn lọ ńkọ́? Apẹja Aguégués, àwọn abúlé orí omi yẹn, tí a bá gbé lọ sí orí ilẹ̀ gíga tó jìnnà sí omi, á fi ilé bíríkì rẹ̀ ti kọ́kọ́rọ́, á padà sí ẹ̀bá ọ̀sà. Owó zémíjàn (ọ̀kadà) lójoojúmọ́ á ti jẹ èrè ẹja tán. Ilé orí òpó tí àwọn baba wọn ń kọ́ sínú omi kì í ṣe ìwà àìlajú. Ká bá wọn mú òpó rẹ̀ ga sí i, kó sì le sí i.

Pakistan ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ti oṣù Kẹwàá 2005. Wọn kò gbé iṣẹ́ fún kọngilá. Wọ́n fún onílé abúlé ní 175,000 rúpì, wọ́n sì pín in sí ìpele: ìpìlẹ̀ dúró, ẹ wá wò ó, ẹ san èyí tó kàn, ògiri dúró, bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n kọ́ àwọn bíríkìlà ní bí ilé ṣe lè gba ìmìtìtì ilẹ̀ dúró. Àwa tí a ní ọ̀wẹ̀ àti àró, kí ló ṣòro nínú èyí? Owó díẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́, àti ọwọ́ púpọ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ wà níjokòó kò nílò Japan kí ẹ tó gbọ́ mi. Ogun Dàhọ́mì kó ìlú yín ní 1886, wọ́n kó àwọn tó yè lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhọ́mì, àwọn tó kù padà, wọ́n sì tún ìlú dó. Ohun tí àwọn èèyàn yẹn rí dì mú kì í ṣe ògiri. Wọ́n ṣì mọ ẹni tó jẹ́ ará ẹni, wọ́n sì mọ ibi tí agboolé kọ̀ọ̀kan wà.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, olórí àdúgbò kan dìde, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ lẹ ń sọ. Ilé tèmi, ènìyàn mẹ́sàn-án ló wá bá mi, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn.” Òótọ́ ló sọ, mo sì yẹ kí n ti fi í ṣáájú: àwọn tó sá sílé ìbátan ló máa ń pọ̀ jù, àwọn ni ìrànwọ́ kì í sì í rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ inú ilé á tán, ìjà á bẹ̀rẹ̀, àlejò á tún di ẹni tí kò nílé nígbà kejì. Mo dá a lóhùn pé kí olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan: orúkọ ẹni tó gbàlejò, orúkọ àlejò, ọjọ́ tí wọ́n dé, àti ìbéèrè wa yẹn nípa ẹni tó ni ilé tí wọ́n ti ń bọ̀. Bí ìrẹsì tàbí owó bá dé sí ilé iṣẹ́ mérì, kí ti olùgbàlejò wà nínú rẹ̀. Ó ní ta ló máa ra ìwé náà. Ìyálọ́jà kan tó jókòó níwájú ní òun máa rà á fún gbogbo àdúgbò tó wà ní apá ọ̀sà, kí olórí kọ̀ọ̀kan yà sí ìsọ̀ òun wá mú tirẹ̀.