Lẹ́tà Márùn-ún, Fáwẹ́lì Mẹ́rin

Ẹ fojú sí pákó kékeré tó wà níwájú mi yìí. Lẹ́tà méje ló wà lórí rẹ̀: A, D, E, I, O, T, U. Fáwẹ́lì márùn-ún, kọ́nsónáǹtì méjì péré. Ẹni tó bá ti ta Scrabble rí, eré tí a ti ń fa lẹ́tà méje láti inú àpò, tí a sì ń fi wọ́n to ọ̀rọ̀ sórí bọ́ọ̀dù, mọ ìyà tí irú ọwọ́ báyìí máa ń fi jẹ èèyàn. Aago ń lọ, ẹnìkejì yín ń wò yín, gbogbo ohun tí ẹ sì rí kò ju A, E, I, O, U lọ, bí ìgbà tí ọmọ jẹ́léósinmi bá ń kà á lójú pátákó.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa yọ yín níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onílẹ́tà márùn-ún tí mẹ́rin nínú lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ fáwẹ́lì. Wọn ò pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣe é há sórí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kó fáwẹ́lì jọ sí wa lọ́wọ́. Ẹyọ 100 ló wà nínú àpò Scrabble. E jẹ́ 12, A jẹ́ 9, I jẹ́ 9, O jẹ́ 8, U jẹ́ 4. Ẹ rò ó pọ̀, 42 ni. Ayàwòrán-ilé kan ní Amẹ́ríkà, Alfred Butts, ló dá eré náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ó jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, ibẹ̀ ló ti mọ iye tí òun máa fi sínú àpò. Nínú lẹ́tà méje, ó yẹ kí fáwẹ́lì tó bíi mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a tì bọ àpò kì í mọ ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí pákó wa. ADIEU wà níbẹ̀. Tí mo bá gbé e sílẹ̀, O àti T ló kù sí mi lọ́wọ́. AUDIO náà wà níbẹ̀. Tí mo bá gbé ìyẹn, E àti T ló kù. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tiẹ̀; tí a bá rò wọ́n pọ̀, máàkì 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì, ká tó ka ti àwọn ojú aláwọ̀ tó ń sọ máàkì di púpọ̀. Èwo wá ni kí n gbé? Tí ààyè orí bọ́ọ̀dù bá ti gbà á, AUDIO ni. E ló wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń bá lẹ́tà tó bá tún wọlé rẹ́ ju O lọ. Àwọn tó ń kọ́ eré yìí kì í sábà wo ohun tó ń ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìjàkadì wà.

Kí ló dé tí irú ọ̀rọ̀ yìí fi ṣọ̀wọ́n? Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kí kọ́nsónáǹtì máa tẹ̀lé ara wọn: STRAP, CLUMP. Àwa ò gba ìyẹn. BREAD dé ọ̀dọ̀ wa, ó di búrẹ́dì. GLASS dé, ó di gíláàsì. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí fáwẹ́lì kún inú wọn fọ́fọ́, àlejò ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ẹ bá sì mọ ìlú àlejò, ẹ ò ní gbàgbé ojú rẹ̀. Èdè Faransé ni ADIEU ti wá. Ẹni tó ń sọ ọ́ ń fi ẹni tó ń lọ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. AUDIO jẹ́ ti Látìn, “mo gbọ́” ni ìtumọ̀ rẹ̀. AIOLI wá láti gúúsù ilẹ̀ Faransé: áàyù àti òróró ni wọ́n so pọ̀ tó di orúkọ ọbẹ̀ náà. COOEE ni igbe tí àwọn onílẹ̀ àtijọ́ lágbègbè Sydney ní Ọsirélíà fi ń pe ara wọn nínú igbó. EERIE kò rìn jìnnà ní tiẹ̀, ìhà Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti jáde.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni QUEUE. Ìrù ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn ara wọn ló jọ ìrù lójú wọn. Ẹ pa lẹ́tà mẹ́rin tó kẹ́yìn rẹ́, bákan náà lẹ ó ṣe pè é. Ní Yorùbá, fáwẹ́lì tí a bá kọ, à ń pè é: oúnjẹ, èèyàn, áàyù. Ìdí nìyẹn tí QUEUE fi máa ń da ọmọ wa láàmú. Bí mo ṣe há a sórí rèé: Q, lẹ́yìn náà UE lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kà á sókè: Q, UE, UE. Máàkì 14 nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní lẹ́tà márùn-ún kéré, pé ṣebí ẹni tó bá gbé méjèèje sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń gba ẹ̀bùn máàkì 50. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Perth, ní Ọsirélíà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, borí Lewis Mackay ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́rin sí òdo, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble lédè Gẹ̀ẹ́sì. FELTY wà lára ohun tó gbé sílẹ̀ ní àṣekágbá, ó fi gba máàkì 36. Lẹ́tà márùn-ún! Ohun tí a mọ àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ́ nìyẹn: wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún tó lówó lórí, wọ́n á fi lẹ́tà méjì tó dára pamọ́ sọ́wọ́, wọ́n á sì dí ọ̀nà mọ́ ẹnìkejì.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ rèé. Ẹ má há ọ̀rọ̀ láti A dé Z. Àwọn onílẹ́tà márùn-ún nínú ìwé Scrabble, ìyẹn ìwé àwọn ọ̀rọ̀ tí eré náà gbà, ju 12,000 lọ. Ẹ gé páálí kékeré. Ẹ to lẹ́tà sójú rẹ̀ bó ṣe tẹ̀lé ara wọn nínú álífábẹ́ẹ̀tì: AERST. Ẹ yí i padà, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn: STARE, TEARS, RATES, ASTER, TARES, RESAT, TASER. Lójoojúmọ́, ojú páálí nìkan ni kí ẹ máa wò, kí ẹ máa fi ẹnu pe ẹ̀yìn rẹ̀.

Mi ò ní lọ láìdárúkọ àwọn tiwa. OBA wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń ta Scrabble lágbàáyé, àmì abẹ́ rẹ̀ nìkan ló bọ́. NAIRA náà wà níbẹ̀, orúkọ tí Awólọ́wọ̀ sọ owó wa, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní oṣù kìíní ọdún 1973. Lẹ́tà márùn-ún, fáwẹ́lì mẹ́ta, ó máa ń gbà mí lọ́wọ́ A méjì. Máàkì 5 ni gbogbo rẹ̀. KOBO wà níbẹ̀ pẹ̀lú. K jẹ́ 5, B jẹ́ 3, O méjì jẹ́ 2, ó di 10. Lórí bọ́ọ̀dù yìí, kọ́bọ̀ kan ni náírà méjì.