Ìyá Tó Mọ̀ọ́mọ̀ Jẹ́ Kí Ẹran Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ wo ìyá ológbò yìí. Eku tó gbé sẹ́nu ò tíì kú. Ó gbé e dé iwájú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀. Eku sáré! Àwọn ọmọ ya bò ó, wọ́n ń forí gbára wọn, eku yọ́ bọ́rọ́ láàárín wọn. Ìyá fò mú un, ó tún dá a padà fún wọn. Òun náà lè jẹ ẹ́, kò jẹ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, òkú eku ló ń gbé wá. Ní báyìí, ó ti tó àkókò kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa alààyè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyẹn: ẹ̀kọ́ yìí ń ná ìyá ní nǹkan. Cheetah, ẹranko ẹlẹ́ran tó jọ àmọ̀tẹ́kùn, máa ń mú ọmọ gazelle, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín, láàyè wá bá àwọn ọmọ rẹ̀, á sì tú u sílẹ̀ kí wọ́n lé e. Nígbà mìíràn ẹran náà á ráyè sá lọ, làálàá ìyá á sì já sófo.

Àmọ́ èyí tó jọ mí lójú jù lọ ni ti meerkat, àwọn ẹranko kékeré tó máa ń nàró bí ènìyàn ní aṣálẹ̀ Kalahari. Àkekèé wà lára oúnjẹ wọn, ẹ sì mọ bí oró àkekèé ṣe ń ta ni. Báwo ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ihò ṣe fẹ́ mú un? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èyí tó ti kú ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Tó bá dàgbà díẹ̀, wọ́n á gbé alààyè wá, ṣùgbọ́n wọ́n á ti fi eyín gé ṣóńṣó ìrù rẹ̀ tí oró wà kúrò. Nígbà tó bá yá, odidi àkekèé, tòun ti oró rẹ̀. Kì í ṣe ìyá nìkan ló ń ṣe é o, àwọn ẹ̀gbọ́n náà ń dá sí i. Bí àkekèé bá fẹ́ sá lọ, àgbà tó dúró tì wọ́n á fi imú tì í padà sọ́dọ̀ ọmọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó yẹ kí wọ́n gbé fún ọmọ? Igbe rẹ̀ ni. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni igbe tó fi ń tọrọ oúnjẹ ń yí padà. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gba igbe àwọn ọmọ tó ti dàgbà sílẹ̀, wọ́n wá ń tan ohùn náà níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké wà. Làwọn àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹran alààyè fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó o mú!

Ìnàkí (chimpanzee) ńkọ́? Nínú igbó Goualougo nílẹ̀ Kóńgò, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tì bọnú ọ̀gán láti fi yọ ikán jẹ. Wọ́n á ti fi eyín rún orí rẹ̀ títí á fi dà bíi búrọ́ṣì, kí ikán lè rí ibi dì mú. Ọmọ ò tíì mọ irú igi tó dáa, ti ìyá ló ń tọrọ. Bí ìyá bá gbé e sílẹ̀, ikán tí òun fúnra rẹ̀ ń rí jẹ á dín kù. Ìdí nìyẹn táwọn ìyá kan fi máa ń mú ju igi kan lọ wá sídìí ọ̀gán. Àwọn mìíràn á la ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ wọn sí méjì lóòró, kí ọmọ mú ẹ̀là kan, kí àwọn náà mú ẹ̀là kan.