Énsáìmù Inú Àpò Tín-ín-tín: Ibi Tí Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Prostate Ń Lọ

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ jókòó síbí ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA fún rí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yín. PSA kì í ṣe jẹjẹrẹ. Énsáìmù ni, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà inú ara yára. Prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ló ń ṣe é, kódà èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gé purotéènì tó ń mú kí àtọ̀ ki, kí àtọ̀ lè ṣàn. Bíńtín ló yẹ kó jò sínú ẹ̀jẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá wọ prostate, á jò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí prostate bá kàn wú nítorí ọjọ́ orí, tàbí tí kòkòrò àìsàn bá wọ ibẹ̀, á jò náà. Nínú ọkùnrin mẹ́rin tí PSA wọn wà láàárín nanogíráàmù 4 sí 10 nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, nǹkan bí ẹnì kan ni wọ́n máa ń bá jẹjẹrẹ lára rẹ̀ tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gé ẹran níbẹ̀ wò. Àwọn mẹ́ta yòókù kàn jẹ̀rora abẹ́rẹ́ lásán ni.

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wo ibòmíràn. Sẹ́ẹ̀lì ara wa máa ń tú àwọn àpò tín-ín-tín tí ọ̀rá bò yíká síta. Èyí tí wọ́n ń pè ní exosome kò ju nanomítà 30 sí 150 lọ. Nínú rẹ̀ àti lára rẹ̀ ni purotéènì, RNA (ẹ̀dà iṣẹ́ tí jíìnì ń rán) àti énsáìmù sẹ́ẹ̀lì tó tú u síta wà, a sì ń rí i nínú ẹ̀jẹ̀, nínú àtọ̀ àti nínú ìtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun tó bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe ń pariwo rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ní Uppsala lórílẹ̀-èdè Sweden, Gunnar Ronquist àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọpa énsáìmù kan tó ń tú ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń fi ṣe agbára, ká nínú omi prostate. Ara àwọn àpò kéékèèké ni wọ́n bá a. Prostasome ni wọ́n wá sọ àwọn àpò náà.

Lára àwọn énsáìmù tí wọ́n ń yẹ̀ wò báyìí, GGT ló wù mí jù. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọtí á ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu dókítà, torí wọ́n máa ń fi yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Ó máa ń gé glutathione, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn òde sẹ́ẹ̀lì, kí sẹ́ẹ̀lì lè kó ègé rẹ̀ wọlé láti fi ṣe òmíràn tí yóò dáàbò bò ó. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Japan gbé e jáde pé GGT ara exosome inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ prostate ń ṣiṣẹ́ ju ti àwọn tí prostate wọn kàn wú lọ. Bí énsáìmù ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe iye rẹ̀. Ẹni tó ka ọ̀bẹ inú ilé kò tíì mọ èyí tó mú. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ni pé wọ́n á da kẹ́míkà kan sí i tó máa ń tàn nígbà tí GGT bá gé e.

Síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà ń tú àpò tirẹ̀ síta. Báwo la ṣe máa mọ ti prostate yàtọ̀? Àwọn kan ń fi PSMA dá a mọ̀, òun náà énsáìmù, tó pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì prostate, pàápàá èyí tí jẹjẹrẹ ti wọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ya àpò wọ̀nyí sọ́tọ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi agbára tó ìlọ́po 100,000 òòfà ilẹ̀ yí omi fún wákàtí púpọ̀. Ilé ìwòsàn mélòó nílé ló ní i, tí iná ò sì ní lọ lágbedeméjì?

Àyẹ̀wò exosome kan ti wà lọ́jà ní Amẹ́ríkà, ExoDx, tí wọ́n ń fi ìtọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n RNA jíìnì mẹ́ta ló ń kà: PCA3, ERG àti SPDEF. Ti énsáìmù kò tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà yín.

Bàbá kan bi mí bóyá kí òun dúró dè é. Rárá o, sà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin ni àìsàn yìí ń bá láyé wọn, nígbà tó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ láàárín gbogbo ọkùnrin. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa PSA báyìí. Bó bá ga, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ fi wò ó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tó wáyé.