Níbo Ni Kí Ojú Wà Tí A Bá Ń Ṣe Yógà?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, àtẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dìde. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, kí ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti inú itan kejì, tàbí ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹ má fi ti orúnkún fúnra rẹ̀ o! Ìdúró igi nìyí.

Ara ń mì, àbí? Ẹ wá nǹkan tí kì í kúrò lójú kan, kí ẹ tẹjú mọ́ ọn: ìṣó lára ògiri, tàbí ilé gogoro Mọ́sálásí Ńlá, èyí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà yẹn, bí ẹ bá ń rí i láti àgbàlá yín. Ẹni tó wà létí ọ̀sà kó má wo ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má wo zémíjàn, ọ̀kadà tó ń kọjá náà. Ohun tó ń rìn á fà yín lọ.

Ó yá, ẹ dijú. Ẹ ti rí i? Ohun mẹ́ta ló ń sọ fún ara bó ṣe dúró: ojú, inú etí, àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú iṣan àti oríkèé. Tójú bá yọwọ́, ó di ti àwọn yòókù. Àwọn ìyá wa tó ń ru ẹrù lọ sọ́jà Ouando kì í wo ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń wò.

Drishti làwọn ará Íńdíà ń pe ibi tí à ń tẹjú mọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Ashtanga, yógà tí K. Pattabhi Jois fi kọ́ni ní Mysore, ibi mẹ́sàn-án ni wọ́n yàn fún ojú: ṣóńṣó imú, àárín ojú méjèèjì, ìdodo, ọwọ́, àtàǹpàkò, ọmọ ìka ẹsẹ̀, òkè, ọ̀tún àti òsì. Lójú tèmi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti há gbogbo rẹ̀ sórí. Bí ti ṣóńṣó imú bá ń ro yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ọrùn ń dùn kó má wòkè nínú ìdúró onígun mẹ́ta, kó wolẹ̀.

Tójú bá ti dúró, ẹ tẹ́tí sí èémí. Bí ẹ bá ń sé e, àṣejù ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ dẹwọ́.

Ẹ wá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ba síwájú. Ẹ̀yìn itan ló yẹ kó máa nà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún tàbí ìbàdí ló ń ta yín, ẹ ká orúnkún díẹ̀. Ẹni orí ẹní kejì ń fọwọ́ kanlẹ̀? Ẹ má wò ó, egungun rẹ̀ kọ́ lẹ ní. Ẹ rọra dìde báyìí, kí orí gbẹ̀yìn.