Ta Ni Wọ́n Sanwó Fún? Jackie Robinson àti Ohun Tó Tẹ̀lé 1947

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn Jackie Robinson, n kò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1947, ní Ebbets Field ní Brooklyn, aláwọ̀ dúdú kan bọ́ sórí pápá líìgì ńlá béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, líìgì tí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n bú u, ó fara dà á, òun náà ló gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tuntun tó ta yọ jù lọ́dún yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ìtàn yìí máa ń gbé e kalẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kansas City Monarchs, nínú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú, ni Robinson ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní 1945. Branch Rickey, ọ̀gá ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers nínú líìgì ńlá, wá mú un níbẹ̀. Èló ló san fún Monarchs? Kọ́bọ̀ kò san. Ó ní líìgì wọn kì í ṣe líìgì gidi.

Kì í ṣe gidi kẹ̀? Irú líìgì dúdú tí Rube Foster, olórí ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù dúdú kan, kó àwọn ènìyàn jọ dá sílẹ̀ ní Kansas City ní 1920? Ní 1943, èrò tó lé ní 50,000 ló kún Comiskey Park ní Chicago láti wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ East-West wọn, níbi tí àwọn ìràwọ̀ líìgì dúdú ti ń pàdé. Akọ̀ròyìn, awakọ̀, olótẹ́ẹ̀lì, alóúnjẹ, gbogbo wọn ló ń rí jẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fara mọ́ Rickey dìde kó sọ ohun tó kù tí líìgì fi ń jẹ́ gidi.

Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ni Effa Manley. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ni Newark Eagles, ẹgbẹ́ líìgì dúdú tó gba ife-ẹ̀yẹ ní 1946. Nígbà tí Bill Veeck, tó ni ẹgbẹ́ Cleveland nínú líìgì ńlá, ń wá Larry Doby, agbábọ́ọ̀lù Eagles, ní 1947, Manley sọ fún un láìfi bò pé tó bá jẹ́ aláwọ̀ funfun ni Doby, owó gọbọi ni ì bá san. Ó gba $10,000, wọ́n sì fi $5,000 lé e nígbà tí Doby dúró sí ẹgbẹ́ Cleveland. Lẹ́yìn náà ni Rickey tún nawọ́ sí Monte Irvin, agbábọ́ọ̀lù Eagles mìíràn, lọ́fẹ̀ẹ́. Manley ní òun máa pè é lẹ́jọ́. Rickey fi Irvin sílẹ̀, New York Giants sì ra á ní $5,000. Obìnrin yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọjà olówó ni. Síbẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ta ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn 1948, ọdún yẹn náà ni Negro National League, líìgì tí Eagles wà, kógbá wọlé. Àwọn òǹwòran ti tẹ̀lé Robinson lọ.

(Níbí ni ọ̀dọ́bìnrin kan ti nàka sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí wọ́n wà nínú ìyanisọ́tọ̀ lọ ni, kí àwọn tó ni ẹgbẹ́ lè máa jèrè?”)

Rárá, ọmọ mi. Josh Gibson, àgbà agbábọ́ọ̀lù líìgì dúdú, kú ní oṣù kìíní 1947, ẹni ọdún 35, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ọjọ́ Robinson. Kò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú líìgì ńlá yẹn. Ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ẹgbẹ́ dúdú bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba líìgì wọn wọlé, kódà gẹ́gẹ́ bí líìgì kékeré. Wọ́n kọ̀. Agbábọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n fẹ́. Ọ̀gá, akọ̀wé àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí wọ́n máa lọ ilé.

Wọ́n ti ń na aago sí mi. Boston Red Sox, ẹgbẹ́ líìgì ńlá, kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbá bọ́ọ̀lù fún wọn níbẹ̀ títí di 1959. Ní 1972, Jackie Robinson sọ ní gbangba pé òun fẹ́ rí akọ́nimọ̀ọ́gbá dúdú nínú líìgì ńlá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ló kú. Frank Robinson ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, ní Cleveland, ní 1975.

Ní 2024, líìgì ńlá ka àkọsílẹ̀ iye àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì dúdú mọ́ tiwọn, Josh Gibson sì bọ́ sókè Ty Cobb, aláwọ̀ funfun tó wà lókè tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú .372 nínú ìdíwọ̀n bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń lu bọ́ọ̀lù sí. Ó dára. Ṣùgbọ́n tí líìgì náà bá jẹ́ gidi lónìí, gidi náà ló jẹ́ ní 1945, owó Monarchs sì wà lọ́rùn Rickey.